Ọ̀já Ìyá Àgbà

Mo ń bọ̀ láti Kabba, inú ọkọ̀ ni túúlu ti kì mí mọ́lẹ̀, kí a tó dé Mopa. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: nǹkan kan tó dà bí eyín ayùn á máa dán gbinrin létí ojú mi, lẹ́yìn náà ni apá òsì orí á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Nígbà tí mo délé, mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, mi ò rí nǹkan ṣe, mo bá di ọrùn ọwọ́ mi mú kí n lè ka bí iṣan ṣe ń sọ. Orí ń lù tirẹ̀, iṣan ń sọ tirẹ̀. Wọn ò bára wọn mu rárá.

Ta ló wá ń lùlù? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ la máa ń sọ pé ó ń lu orí. Ohun tí Harold Wolff, dókítà kan ní New York, náà sọ nìyẹn láyé ọdún 1930 sí 1940: iṣan orí á kọ́kọ́ fún, ojú á ṣe bàìbàì, iṣan á wá fẹ̀, orí á fọ́. Àmọ́ ní 1981, Jes Olesen àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Copenhagen wo ọpọlọ àwọn tí irú túúlu olójú-bàìbàì yìí ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ń dín kù níbẹ̀ ni, láti ẹ̀yìn orí bọ̀ wá síwájú, bíi mìlímítà 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbín yá jù ú lọ! Orí sì ti ń fọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún pọ̀ sí i.

Ìyá àgbà mi náà, ẹ̀jẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Ọ̀já tó fi pọ̀n wá, tó ti ṣá, tó ń rùn èéfín, ló fi ń di orí, á ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀bátí gan-an. Wolff náà mọ̀ pé bí a bá tẹ iṣan ẹ̀bátí, ìrora lè rọlẹ̀. Mo ti fẹ́ máa yangàn pé ìyá wa ṣáájú New York, ni mo bá rántí pé kó tó di ọ̀sán, ọ̀já yẹn á ti dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀.

Kì í ṣe iṣan orí, àwa ará ilé ni ọ̀já náà ń dè. Lọ́jọ́ tí kò bá sí lórí, ta ni yóò jẹ́ kí ìyá fẹ̀yìn lélẹ̀? Ìyá, iyọ̀ dà? Ìyá, ọmọ ń ké. Bó bá ti wé e, kẹ́kẹ́ pa. Aládùúgbò á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní “Òkun o,” á sì kọjá. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà la fi ń kíni, òun náà la fi ń báni kẹ́dùn.

Ọjọ́ kan wà tó wé e láti àárọ̀. Mo gbé iyán wọlé fún un lọ́sàn-án. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó tún ọ̀já náà so, ó sì kọjú sí ògiri.