Ẹkún Àwọn Páílọ́ọ̀tì

Àwa tí a ti ń gbé Àkọkà kí wọ́n tó parí afárá Third Mainland ní 1990 mọ bí ojú ọ̀run ṣe fẹ̀ tó ní etí ọ̀sà. Èèyàn á dúró lẹ́yìn Yunifásítì Èkó, kò ní sí ohun tó dí i lójú, àfi omi, ọkọ̀ àwọn apẹja Ìlàjẹ láti apá Bárígà, àti ìkùukùu. Èkó ṣì ni olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, àwọn ọmọ ogun òfurufú á bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù dánra wò de ayẹyẹ òmìnira ní Tafawa Balewa Square. Láti 1975 ni wọ́n ti ní MiG-21, tí wọ́n rà lọ́wọ́ ìjọba Soviet. Á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí wa kí ariwo rẹ̀ tó dé. Àwọn ọmọ iléèwé á tú síta, àgbà á gbójú sókè, obìnrin tó ń gúnyán á fi ọmọ odó sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn bàálù wọ̀nyẹn gan-an. Mo ṣì fẹ́ràn wọn títí dòní, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ikú tó wà nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ nípa ikú ọ̀hún. Ó ń tún bàálù ṣe ní Ìkẹjà. Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, Bọ̀dá Ẹnjiníà ni gbogbo ilé sì ń pè é. Ó ti di olóògbé. Àwọn páílọ́ọ̀tì máa ń wá kí i lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ júwe bí bàálù ṣe ń yí àti bó ṣe ń balẹ̀, èmi náà á sì sún mọ́ wọn kí n lè gbọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1969, VC10 ti Nigeria Airways gbéra láti London, ó yà ní Róòmù, ó yà ní Kánò, ṣùgbọ́n kò dé Ìkẹjà. Ó ku nǹkan bíi kìlómítà 13 kó dé pápá ni ó forí sọ igi, tó já, tó sì gbiná. Èèyàn 87 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yè. Bàálù ọ̀hún kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa rárá. BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ọkàn àwọn èèyàn kò sì balẹ̀, nítorí náà oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló gba ìgboro kan. Àwọn kan ní ìjà ló ṣẹlẹ̀ nínú bàálù láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó ń mú wọn bọ̀, pé ìbọn ló dún. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni.

Àwọn páílọ́ọ̀tì wá lálẹ́. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ ayé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí? Ta ló ń wo aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga sí ilẹ̀ tó? Ṣé wọ́n ti rí pápá kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀? Ìyá onílé wa gbọ́ wọn, inú bí i. Ó ní òkú kò tíì wọlẹ̀, wọ́n ti ń ro ẹjọ́ wọn. Bọ̀dá Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹkún la ń sun yìí. Lọ́la, ọ̀kan nínú wa á tún jókòó sórí irú àga kan náà.”

Mo ti gbọ́ ìdárò púpọ̀ látìgbà náà, n kò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé wọn kò yin ìbọn tí wọ́n rí nínú àwókù náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń wa bàálù kò mọ̀ pé wọ́n ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa kọ ìrìn bàálù sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn dun Bọ̀dá Ẹnjiníà títí ó fi kú. Ẹ̀rọ náà nìkan ni ẹlẹ́rìí tí iná kò yẹ kó lè pa lẹ́nu mọ́, ó sì yadi.

Nígbà tí C-130 ti àwọn ológun já ní Èjìgbò lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1992, kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó gbéra ní Ìkẹjà. Àwọn tó kú lé ní 150, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Èkó pa rọ́rọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fúnra wọn ni pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òwe ńlá ni, ó sì tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ẹnjiníà kò gbà kí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Bí odò bá pa òmùwẹ̀, ó ní, a ṣì ní láti mọ ibi tó jìn nínú odò ọ̀hún, torí àwọn ọmọ tó kù ń bọ̀ wá lúwẹ̀ẹ́.

Òun ni mo rántí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2018. Olú-ìlú ti kó lọ sí Àbújá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dánra wò de ayẹyẹ òmìnira. Bàálù ìjà F-7Ni méjì já ní Katampe. Páílọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà nínú wọn. Méjì yè, Squadron Leader Bello Baba-Ari kú. Ó yẹ kí ẹni tó bá rántí MiG ìgbà tiwa mọ ohun tí F-7 jẹ́. Ẹ̀dà MiG-21 ni. Ṣáínà gba àṣẹ láti máa ṣe é lọ́wọ́ Soviet ní 1961, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì bàjẹ́, àwọn ará Ṣáínà sì fi ọpọlọ tiwọn wá ojútùú ohun tí wọn kò fún wọn. Láti 2009 ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàálù tuntun ni, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1955. Ohun tí mo wò lókè ọ̀sà nígbà tí ara mi ṣì le, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wọ̀. N kò sọ pé ẹ̀dà ló pa á. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, iṣẹ́ wọn ni láti sọ ohun tó fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti padà sínú irú bàálù kan náà.

Ọdún méjì ṣáájú, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tiwọn sì jìnnà sí ti ogun. Ettore Bugatti, ẹni tó ń ṣe mọ́tò, àti Louis de Monge, ọmọ Belgium, ṣe bàálù ìdíje kan ní Faransé kí Ogun Àgbáyé Kejì tó gbóná. Ó lẹ́wà débi pé n kò mọ̀ bóyá mo ti rí èyí tó jù ú lọ. Nígbà tí àwọn Jámánì ń bọ̀ ní 1940, wọ́n gbé e pamọ́, kò sì fò rí. Ọdún gorí ọdún, Scotty Wilson, tó ti wa F-16 rí, kó àwọn èèyàn jọ ní Oklahoma, wọ́n tún irú rẹ̀ ṣe, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù Suzuki méjì sí i. Ó fò ní 2015. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ 2016, nígbà kẹta tó gbé e sókè, ó já ní Burns Flat, Wilson sì kú. Wọ́n ti pinnu pé lẹ́yìn ọjọ́ náà wọn ò ní fò ó mọ́, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀: pé ẹnu ohun tó fẹ́ràn ló kú sí. N kò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ó máa ń ti ilẹ̀kùn. Wilson lo ọdún púpọ̀ láti mọ ohun tí Bugatti kò ráyè mọ̀, ìyẹn bí bàálù náà á ṣe ṣe bí ó bá kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọlá fún un á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àwọn tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà wádìí rẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn síta kí gbogbo ayé kà á.

Ní ti bàálù èrò, àwa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí bàálù Dana tó já ní Ìjú-Ìṣàgà ní 2012 jáde, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Ti àwọn ológun ló ṣọ̀wọ́n. Mo mọ̀ pé àṣírí wà nínú iṣẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí bàálù já lásìkò ìdánrawò ayẹyẹ kì í ṣe àṣírí tí ọ̀tá lè fi jà wá lógun. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún opó àti òbí ẹni tó kú ní àbọ̀ ìwádìí náà kà, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ibí yìí, ní Àkọkà, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí pápá.