Nígbà tí ojú lásán la fi ń mọ aláìsàn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà nílùú wa, Orin, lónìí, ẹ kò bá wa nígbà tí ojú lásán la fi ń ṣàyẹ̀wò éèdì. Nígbà tí Fela kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, sì jáde sọ láìfi bò pé éèdì ló pa á, kò tún sí ẹni tó rù díẹ̀ ládùúgbò tí a kì í fura sí. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá lálẹ́, tí òórùn àgbo dọ́ńgóyárò àti èèpo máńgòrò pàdé yín, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ń fi ẹnì kan pamọ́ sínú ilé náà.

Àwọn àmì náà kì í ṣe irọ́, mo fojú mi rí wọn: ìgbẹ́ gbuuru tó ju oṣù kan lọ, ikọ́ ife, ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀, ahọ́n tó funfun bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá ẹ̀kọ tútù, tí aláìsàn á jókòó ti iyán gbígbóná, iyán tiwa níbí, tí kò ní lè gbé òkèlè kan mì. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Sójà ara ni kòkòrò éèdì ń pa. Àwọn àrùn wẹ́wẹ́ tí sójà wọ̀nyí ti ń lé sẹ́yìn látọjọ́ wá ló wá ń rí ààyè.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka sójà náà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní CD4, ni ojú wa tó là. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín olómorí elésèé àlùkò, ẹ̀rọ á sì ka iye tó wà nínú ẹ̀kán kan tó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mílílítà kan. Ara tó le máa ń ní 500 sí 1,500. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń gbé àpò kòkó sẹ́jìká, tó ń rẹ́rìn-ín, tí tirẹ̀ kò pé 200; mo sì mọ obìnrin tó rù kan eegun, tí àwọn aládùúgbò ti yà á sọ́tọ̀, tí kò sì ní kòkòrò kankan lára.

Ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn éèdì ní 2002, fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. Náírà 1,000 lóṣù ni, owó gidi lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà, kó tó di ọ̀fẹ́ ní 2006. Èyí tó ṣì ń dùn mí ni pé ìlànà àgbáyé ìgbà náà ní kí ẹni tí sójà rẹ̀ ṣì ju 200 lọ, tí àmì ńlá kò sì tíì hàn lára rẹ̀, máa lọ sílé ná. Ẹlòmíràn á fi ìdùnnú lọ, kò ní padà mọ́ títí ọ̀fun rẹ̀ á fi funfun. Wọ́n gbé ààlà 200 náà dé 350, wọ́n gbé e dé 500, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó sọ ní 2015 pé kí ẹnikẹ́ni má dúró mọ́. Lónìí, ẹni tí àyẹ̀wò bá mú láàárọ̀ lè gba oògùn relé lọ́jọ́ náà gan-an, sójà rẹ̀ ì báà pé ẹgbẹ̀rún kan.