Ìgbà Ìwáṣẹ̀ Àti Géèmù Tó Ti Ń Súni

Òrù Ìjẹ̀bú ni ìjíròrò yìí ti wáyé, nídìí ọpọ́n ayò, láàárín ẹ̀gbọ́n tí kò kúrò nílé àti àbúrò rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Far Cry Primal, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2016, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀wọ́ géèmù ayé gbalasa kan bá ti ń ṣe ohun kan náà láti ọdún dé ọdún, ṣé a lè gbé e lọ sí ìgbà ìwáṣẹ̀ kó tún di ọ̀tun?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà pé ó ṣeé ṣe. Ẹ wo bí Far Cry ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láti Far Cry 3 ní 2012 dé Far Cry 4 ní 2014, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe: ká gun òpó gíga kí àwòrán ilẹ̀ lè ṣí, ká gba bùdó lọ́wọ́ ọ̀tá, ká pa ẹran ká fi awọ rẹ̀ rán àpò, ká tún kọjú sí òpó tó kàn. Erékùṣù ni ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ olókè ni ti èkejì, àmọ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò yàtọ̀. Primal wá gba ìbọn, ó gba ọkọ̀, ó sì gbé wa padà sí nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn, sí àfonífojì Oros ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Takkar, ọmọ ẹ̀yà Wenja tí à ń fi ṣeré, ọ̀kọ̀, kùmọ̀, ọrun àti ọfà ló fi ń jà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹranko á tú síta. Iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lé wọn, iná ọ̀hún sì ń jó tán. Bó bá lọ sí apá àríwá, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Àwọn onímọ̀ èdè méjì ti Yunifásítì Kentucky, Andrew Byrd àti Brenna Byrd, ló darí iṣẹ́ èdè tí wọ́n ṣe fún un, débi pé ẹnikẹ́ni ò sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó mọ Far Cry 4 dunjú ṣì máa tún ìrìn kọ́ níbẹ̀, á sì tún ìbẹ̀rù kọ́.

ONÍLÉ: Àbúrò, aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Jẹ́ ká mú ẹyọ ohun kan ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: òwìwí tí Takkar ń rán. Ó ń fò lókè bùdó, ojú rẹ̀ la fi ń wòlẹ̀, a ó sì fi àmì sórí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀tá bá sá sẹ́yìn àpáta, à ń rí àmì rẹ̀. Nínú Far Cry 4, kámẹ́rà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Ìyẹ́ ni wọ́n fi bo kámẹ́rà lára. Iná ńlá tí Takkar ń tàn kó lè gba àgbègbè kan, òpó gíga àná ni. Bùdó tó ń gbà kò yí padà rárá. Nígbà tí géèmù náà jáde, àwọn kan gbé àwòrán ilẹ̀ Oros lé ti Kyrat inú Far Cry 4, wọ́n sì rí i pé ojú ọ̀nà àti ipadò bá ara wọn mu ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilẹ̀ àná ni, iṣẹ́ àná ni. Kí ni ìgbà ìwáṣẹ̀ wá tún ṣe níbẹ̀?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní jiyàn òwìwí. Ohun tó fi hàn, lójú tèmi, ni pé wọn ò jẹ́ kí ìgbà náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ṣe é gan-an mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n gbé àfikún kan tí wọ́n pè ní Survivor Mode jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n yọ àwòrán ilẹ̀ kékeré tó máa ń wà nígun kúrò, wọ́n jẹ́ kó máa rẹ Takkar bó bá ń sáré, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ikú ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ikú pátápátá. Ẹ tún wo Assassin's Creed, tó jẹ́ ọ̀wọ́ mìíràn láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn tí Syndicate jáde ní 2015, wọ́n sinmi ní 2016, wọ́n sì gbé Origins dé ní 2017, ní Íjíbítì ìgbà Cleopatra. Wọn ò fi òkúta pírámíìdì nìkan ṣe é. Wọ́n tún bí a ṣe ń jà ṣe, wọ́n sì yọ àwòrán ilẹ̀ kékeré ọ̀hún dànù. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ náà ti gba ọ̀nà mìíràn.

ONÍLÉ: O ti fi ẹnu ara rẹ dá mi láre. Òfin tí wọ́n yí padà ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìgbà. Bí ó bá sì jẹ́ òfin ni, wo ọpọ́n tó wà níwájú wa yìí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìran dé ìran ni wọ́n ń ta á, kò sú ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó ní ká gbé e lọ sí ayé mìíràn kó lè dùn. Ṣíṣe ohun kan náà léraléra kọ́ ló ń pa eré.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Èyí ló le jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ayò kì í súni torí pé ẹnìkan jókòó ní òdìkejì tó ń ronú. Bí mo bá kó ọmọ ayò nínú ihò kan, ẹ ó wo ibi tí wọ́n já sí, ẹ ó sì ba ètò mi jẹ́. Nínú géèmù ayé gbalasa, ayé yẹn fúnra rẹ̀ ló jókòó ní òdìkejì wa. Bó bá jẹ́ pé òpè ni, tí àmì wà lórí gbogbo nǹkan, tí ọ̀tá ò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, a ó lù ú lálùpa títí yóò fi sú wa. Ọ̀tá pọ̀ nínú Far Cry, ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ni kò sí. Ìgbà ìwáṣẹ̀ lè sọ ayé náà di ọ̀ta, torí pé òtútù, òru àti ebi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí náà ni mo fi dá ọ̀rọ̀ òfin lóhùn. Bí wọ́n bá gba ìbọn lọ́wọ́ wa nínú ìlú òde òní, a ó béèrè ìdí. Ní 12,000 ọdún sẹ́yìn, a ò ní béèrè, torí a mọ̀ pé kò tíì sí. Òfin ló ń sọ eré di ọ̀tun, àmọ́ ìgbà ló ń mú ká gba òfin gbọ́.

ONÍLÉ: Mo gbà fún ọ níbẹ̀. Òwìwí náà ṣàṣìṣe torí pé ó mú kámẹ́rà wọ ìgbà tí kò sí kámẹ́rà. Ó tú àdéhùn tí ìgbà bá wa ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ pé ọjà ni géèmù, pé ẹni tó ra Far Cry fẹ́ bá Far Cry níbẹ̀, àti pé bí wọ́n bá gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e jù sílẹ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Kí wọ́n fi ohun tí yóò kọ́ dípò ohun tí wọ́n gbà. Primal ṣe é lẹ́ẹ̀kan: ó gba ọkọ̀, ó sì fún wa ní ìkookò tí a tù lójú, tó ń bá wa rìn nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó rántí ọkọ̀ mọ́.

ONÍLÉ: Ó dáa. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ Yúróòpù ni wọ́n ń wá ìgbà ìwáṣẹ̀ lọ, nígbà tó wà nílé wa níbí? Kì í ṣe Erédò Sùngbọ́ ni mò ń sọ. Yàrà tó lé ní 160 kìlómítà, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó jìn tó 20 mítà níbòmíràn, ohun ńlá ni, àmọ́ ti ìgbà àwọn ọba ni. Ihò Eléérú ni mò ń sọ, ní Ìsàrun nítòsí Àkúrẹ́. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun èèyàn kan níbẹ̀, tó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 13,000 ọdún, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé lẹ́nu. Ìwádìí tó jáde ní 2011 sọ pé agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn tó ti gbé ayé pẹ́ púpọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Takkar ni ẹni yìí, àmọ́ ó gbé ayé ní tòótọ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Bí wọ́n bá wá gbé géèmù náà síbẹ̀, tí wọ́n tún gbé òpó gíga àti àmì dání ńkọ́?

ONÍLÉ: Á jẹ́ pé wọn ò dé ibẹ̀ ni. Orúkọ ihò náà ti sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Eérú kì í kó jọ ní ọjọ́ kan. Ẹnìkan ní láti wá igi gbígbẹ, kó dáná, kó má jẹ́ kó kú mọ́jú, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kí wọ́n fi iná kan ṣoṣo lé wa lọ́wọ́, kí wọ́n fi òru yí wa ká, kí wọ́n má sì sàmì sí ohunkóhun. Ó yá, ìwọ ló kàn. Ta ayò.