Àwọn Mùsùlùmí Inú Igbó Rajaji

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Íńdíà. Ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya ni igbó Rajaji wà. Àwọn Mùsùlùmí tí à ń pè ní Van Gujjar ń sin ẹfọ̀n níbẹ̀ bí a ti ń sin màlúù; wàrà ni òwò wọn. Ní 1983 ìjọba kéde igbó náà ní ibi ìpamọ́ ẹranko. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé jáde.

Òfin 2006 fún àwọn ará igbó ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n irú wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìran mẹ́ta, ọdún 75, ni wọ́n ti gbé ibẹ̀. Níbo ni ẹni tí ń gbé ahéré koríko yóò ti rí ìwé? Òfin gba ẹ̀rí àgbà tí a kọ sílẹ̀. Ìtàn ẹnu ìyá arúgbó, dúkìá ni. Tiyín náà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.