Faransé Tí Mo Kọ́ Kò Gbà Mí Ní Yopougon

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ èdè Faransé nílé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé wà, tíṣà wà, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò sí tí a lè fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Ojú tì mí lọ́jọ́ tí mo dé Zone industrielle, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Yopougon, nílùú Àbíjàn. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ kan. Ó dáhùn wàràwàrà, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Mo ní, “Mo gbé!” Ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí gbọ́ mi, ó bá ọlọ́dẹ náà sọ̀rọ̀, ó sì yíjú sí mi: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ yà sápá òsì níwájú.” Ọmọ Èjìgbò ni, kò wọ ilé ẹ̀kọ́ girama rí.

Lọ́dún 1996, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè kejì tí ìjọba Nàìjíríà yóò máa lò. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í kọ́ ọmọ lédè.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Èjìgbò kún fún àwọn tó ti Àbíjàn bọ̀, tí Faransé yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ pè wọ́n wọ kíláàsì ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kí tíṣà ṣàlàyé òfin èdè, kí àwọn wọ̀nyí bá àwọn ọmọ tàkúrọ̀sọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ lápò ṣòkòtò wa.