Láti Ẹnu Àpò Kòkó Síwájú: Ìbẹ̀wò sí Ilé Ṣokoléètì ní Köln

Ẹni tó bá dàgbà lábà kòkó mọ iṣẹ́ yìí dé ibì kan. A mọ bí wọ́n ṣe ń já a, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Wọ́n á dì í sápò, ọkọ̀ á gbé e lọ, ó tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ wò ní ìlú Köln, ní Jámánì.

Etí odò Rhine ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣokoléètì náà wà. Hans Imhoff, oníṣòwò ṣokoléètì, ló dá a sílẹ̀ ní 1993. Gíláàsì àti irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó rí bí ọkọ̀ ojú omi.

Yàrá gíláàsì kan wà níbẹ̀ tó móoru bí igbó wa, igi kòkó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni tó rí ẹkùn. Ọmọ náà fà mí lọ́wọ́: “Àǹtí, ṣé irú èyí ló wà lóko Màmá Oǹdó?” Mo ní irú rẹ̀ gan-an ni.

Ẹ fi ọdún 1879 sọ́kàn. Ọdún náà ni Rodolphe Lindt ṣe ẹ̀rọ tó ń po ṣokoléètì fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní Switzerland, títí tí yóò fi máa yọ́ lẹ́nu. Ọdún náà ni Tetteh Quarshie gbé èso kòkó wá láti Fernando Po, tó gbìn ín sí Mampong ní Gánà. Lónìí, Gánà àti Côte d'Ivoire nìkan ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ.

Àwọn ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lójú wa: wọ́n ń yan kòkó, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ títí tó fi ń ṣàn bí epo, kí ṣúgà àti mílíìkì tó bọ́ sí i. Lẹ́yìn wọn ni orísun ṣokoléètì tó ga tó mítà mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ kan ń ri bísíkíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ̀ ọ́ fún àlejò.

Ẹ ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín. A da ṣokoléètì yíyọ́ sínú àwo kékeré, a wọ́n ẹ̀pà lé e. Bí kò bá tutù bó ṣe yẹ, kò ní dán, kò sì ní dún kàá bí a bá ṣẹ́ ẹ. Ọmọ náà bi mí pé kí ni Yorùbá ń pe iṣẹ́ yìí. Mo ronú sí i. Gbogbo iṣẹ́ oko ló ní orúkọ lédè wa, ṣùgbọ́n láti ẹnu àpò síwájú, ọ̀rọ̀ wa kò tó nǹkan, torí iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ gan-an sì ni èrè pọ̀ sí.

Ní ìsọ̀ tó wà nísàlẹ̀, owó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni wéré, ẹ múra sílẹ̀. Ọmọ náà ra ẹyọ kan ṣoṣo, ó ní ti Màmá Oǹdó ni, kí màmá lè mọ ibi tí kòkó òun ń dé.

Kò dìgbà tí ẹ bá dé Jámánì. Ní Tema, Gánà, wọ́n ń fi kòkó ibẹ̀ ṣe ṣokoléètì Golden Tree, bẹ́ẹ̀ ni oko Tetteh Quarshie wà ní Mampong fún àlejò. Ẹ fi èso kòkó kan àti ṣokoléètì kan síwájú ọmọ yín, kí ẹ ní kó sọ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.