Ọpẹ́ Lórí Ẹní Àìsàn

Àwọn olóòtú ní kí a bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tí ó wá sí wa lọ́kàn ni ọdún 1975, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, tí ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́ lé wa kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé ọdún Údójì. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ papọ̀. Inú òṣìṣẹ́ dùn, ọjà sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ oníkòkó ni baba wa ní Ìbòkun, kò sì sí Údójì fún àgbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ẹsẹ̀ baba wa yọ̀ létí odò lọ́nà oko, ó ṣubú, eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi wà lórí ẹní. Owó ìtọ́jú jẹ èyí tí ó wà nílé tán, ni wọ́n bá fi oko tí ó dára jù dógò, ẹni tí ó gba oko ni ó sì ká kòkó ọdún náà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún ìyá wa pé òun yóò dúró sílé láti máa ta ẹ̀kọ, kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tiwa má baà wọ́n.

Òfin kan wà ní àdúrà alẹ́ wa. Bí wọ́n bá ti tan àtùpà, oníkálùkù ní láti dárúkọ ohun kan tí ó ń dúpẹ́ fún lọ́jọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ tún ohun tí ó sọ lánàá sọ. Ọpẹ́ àkọ́sórí tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti epo pupa nìkan ni ó wà fún àwa mẹ́fà. Ó kan àbúrò wa tí ó kéré jù, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé baba kò lè fi pàṣán lé òun mọ́. Baba wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di itan rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má pa òun lẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Wọ́n rò pé ẹkún ni, wọ́n rò pé ó ti dé.

Bí baba wa bá ka orí kẹta ìwé Hábákúkù, kì í ka ti igi ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà bí ó ti wà níbẹ̀. Kòkó àti obì ni yóò fi rọ́pò wọn, yóò wá wo òkè àjà kí ó tó ka ibi tí wòlíì náà ti ní òun yóò yọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn Immanuel ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ wa pé chara, tí í ṣe ayọ̀ ní èdè Gíríìkì, àti charis, tí í ṣe oore-ọ̀fẹ́, ìdí kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn yòókù ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹní baba wa ni a ń rí.

Ìkórè ọdún náà ni a kò lè gbàgbé láéláé. Àwọn àgbẹ̀ gbé isu àti àgbàdo lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá wa ru odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó sì ń jó. Obìnrin kan rọra bi í léèrè ohun tí ó ń dúpẹ́ fún nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín mọ bí àwa Ìjẹ̀ṣà ti ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè. Ìyá wa dá a lóhùn pé, "Ṣé kí n ṣe òṣómàáló Ọlọ́run ni, kí n lóṣòó títí yóò fi san án kí n tó kí i?"

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Ní oṣù keje ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ti fi iṣẹ́ wíwa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà sílẹ̀ ní 1928, ń wàásù ní Òkè-Òòyè ní Iléṣà. Ọjà àgbáyé ti wó ní ọdún tí ó ṣáájú, owó kòkó sì ti já wálẹ̀. Ìyá-ìyá wa fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbòkun lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kèrègbè omi lórí. Ó ti sin ọmọ mẹ́ta kí ó tó lọ. Nígbà tí ó padà, owó kòkó kò tíì gòkè, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́ ní ìdájí, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ó fi kú. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí omi àdúrà. Orin ìdájí yẹn ni a jogún.

A sọ èyí nítorí pé àwọn kan nínú àwa oníwàásù ti sọ ayọ̀ di ohun tí ń tẹ̀lé ọkọ̀ tuntun àti físà wọ ìlú òyìnbó. Ọ̀pá ni baba wa fi rìn títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọdún 1981 ni a tó gba oko náà padà. Ẹ̀gbọ́n wa kò sì padà sí kíláàsì. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga di ọ̀fẹ́ ní 1979, ó ti wà nílé ọkọ, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. A kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí.

Ní ọdún tí ó kọjá, a bi í léèrè bóyá òun náà láyọ̀ nígbà náà. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. "Àlùfáà," ni ó wí, "mo máa ń sunkún lọ́nà ọjà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí iná àtùpà yẹn lójú fèrèsé, mo máa ń sáré, kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín tán kí n tó dé."

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí báyìí. Òun ni ó ń ra ìwé fún un, ó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má bá òun dá sí i.